Iná Lábẹ́ Ìtẹ́ Àkọ̀

Àpáta ló wà lẹ́yìn ilé wa. Bí àlejò bá wọ Minna nígbà náà tó sì béèrè ibi tí Bàbá Olókùúta ń gbé, wọn kì í júwe ọ̀nà fún un, wọ́n kàn máa ń nawọ́ sókè ni. Àpáta náà dúró gbọnrangandan bí ògiri, apá kan kọjú sí ìlà oòrùn, apá kejì sí ìwọ̀ oòrùn. Ìsàlẹ̀ apá ti ìwọ̀ oòrùn ni ilé wa wà, tó fi jẹ́ pé òjìji àpáta máa ń bo àgbàlá wa láàárọ̀ títí oòrùn fi ga. Nínú òjìji yẹn ni èmi àti àbúrò mi Àbẹ̀kẹ́ ti ń mu kókó, nígbà tí òòlù Bàbá bá ti ń dún kan-kan lára òkúta, tí ọlọ Ìyá mi sì ń dá a lóhùn láti ilé ìdáná. N kò tíì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ mi ní Sabon Gárì ti ń kàwé. Òkúta ni mò ń ṣà. Èyí tó bá ṣe pẹlẹbẹ, a ó tò ó sọ́tọ̀ fún ìpìlẹ̀ ilé. Èyí tó bá fọ́ yángá-yángá, Ìyá mi á jókòó tì í, á máa fi òòlù kékeré rún un di wẹ́wẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí mo ti bọ̀ lọ́wọ́ láti ìgbà náà lọ.

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo sì rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti jogún èyí. Iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ṣe. Wọn kì í fi ẹ̀tù fọ́ òkúta. Igi ni wọ́n ń tò sí ojú àpáta, wọ́n á dáná sí i, wọ́n á máa kó igi kún un títí ooru á fi wọ àpáta nínú. Bàbá á wá fi irin gígùn kan kàn án, á tẹ́tí. Bó bá dún bí ìkòkò tó ṣófo, ó ti yá nìyẹn. A ó da omi tútù lé e lójijì, àpáta á pariwo, á là, abala ńlá á sì ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo igi. Gbogbo wa, àfi ẹni tó bá ń da omi, la máa ń sá sẹ́yìn kí omi tó kàn án, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí àpáta gbígbóná máa là dé bí omi bá ti bà á.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe tiwa. Bàbá àgbàlagbà kan, ará Gwàrí, tí gbogbo wa ń pè ní Màígídá, ló ni ín. Oko ọkà bàbà kékeré kan ló wà láàárín agboolé rẹ̀ àti tiwa. Nígbà tí Bàbá mi dé, tó ń wá ibi tí òkúta wà, Màígídá fún un ní ilẹ̀, àdéhùn kan ṣoṣo ló sì bá a ṣe. Orí àpáta yẹn ni ẹyẹ kan ti máa ń wá yé ẹyin lọ́dọọdún bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Háúsá ń pè é ní shámúwà. Àkọ̀ ni Ìyá mi ń pè é, nítorí orúkọ tó ti bá a pàdé nínú Bíbélì nìyẹn. Láti ọjọ́ tí ẹyẹ náà bá ti dé, a kò gbọdọ̀ dáná sí apá ibi tó bá wà, a kò gbọdọ̀ ju òkò sí i, ọmọ kankan kò sì gbọdọ̀ gun ibẹ̀. Bí àwọn tó wà ní apá kan bá ti kó ọmọ wọn lọ tán, apá yẹn di tiwa padà. Lójú àwọn ènìyàn Màígídá, ẹyẹ yìí ló ń fa òjò wá. Ẹni tó bá lé e, òjò ló lé. Ó sọ fún Bàbá mi ní èdè Háúsá pé, “Bí o bá ba ìtẹ́ ẹyẹ jẹ́ lórí àpáta yìí, kò ní sí àyè fún ọ lórí ilẹ̀ mi mọ́.” Bàbá mi ní, “Tò,” ìyẹn ni pé ó ti gbà. Bí àwọn méjèèjì ṣe máa ń parí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Mo mọ àwọn ẹyẹ yẹn ju bí mo ṣe mọ ọ̀pọ̀ ìbátan mi lọ. Ẹ̀yìn wọn dúdú, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá kàn án, á máa dán bí aṣọ àrán. Ikùn wọn funfun, ojú wọn búlúù, pupa díẹ̀ wà níwájú ẹyinjú wọn, oríkèé ẹsẹ̀ wọn gígùn sì pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Ìtẹ́ èṣí ni wọ́n sábà máa ń padà sí. Wọ́n á fi igi gbígbẹ díẹ̀ kún un, wọ́n á fi koríko tẹ́ inú rẹ̀. Akọ àti abo ló ń sàba. Bí èyí bá balẹ̀, tọ̀hún á dìde fún un, wọ́n á sì máa gbá ẹnu wọn, ka-ka-ka, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń kí ara wọn. Bí oòrùn bá mú, wọ́n á na ìyẹ́ bo ọmọ wọn. Tata ni oúnjẹ wọn jù, àti kòkòrò tó ń jẹ ewé ọkà. Wọ́n á lọ ṣà á jẹ ní oko tó wà lọ́nà Máíkúnkélé, wọ́n á padà wá bì í sínú ìtẹ́, àwọn ọmọ á máa ṣà á. Màígídá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun ohun tí tata tí ẹyẹ kò bá jẹ lè fi ọkà òun ṣe.

Láti ìsàlẹ̀, a kì í rí inú ìtẹ́. Funfun ni Bàbá ń wò. Ìgbẹ́ àwọn ẹyẹ náà máa ń ṣàn sí ara àpáta títí ibẹ̀ á fi funfun bí ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn. Bí funfun náà bá tutù, wọ́n ṣì wà. Bí òjò bá fọ̀ ọ́ lọ tí òmíràn kò sì rọ́pò rẹ̀, wọ́n ti kó ọmọ lọ. Ohun tó fi ń mọ̀ ọ́n nìyẹn láti ọdún tó ti dé, kò sì tíì ṣì í rí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ó rọ̀ títí ọkà bàbà fi ga dé èjìká mi, òjò ńlá kan wá rọ̀ tó gbá gbogbo ara àpáta mọ́, ó wá dúró. Kì í ṣe pé ó dín kù o, ó dúró ni. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ewé ọkà bẹ̀rẹ̀ sí ká. Àwọn obìnrin agboolé Màígídá máa ń gba iwájú ilé wa kọjá láàárọ̀ pẹ̀lú igbá omi lórí èjìká, wọ́n sì máa ń fi orúkọ mi kí Ìyá mi pé, “Sànnú, màmán Délé.” Wọ́n wá ń kọjá láìkí. A gbọ́ pé wọ́n ń sọ lọ́nà odò pé àwọn olókùúta ti ṣe nǹkan lórí àpáta. A kò sì tíì ṣe nǹkan kan. Bí a bá ń jẹ túwó nírọ̀lẹ́, mo máa ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń gbé òkèlè mì.

Àbúrò Bàbá, Bùọ̀dá Sámù, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ òkúta, nìkan ni kò lè mú ọ̀rọ̀ mọ́ra. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé àpò mi ni òjò wà ni? Kí wọ́n wá tú mi wò.”

Ìyá mi ní, “Ọkọ mi, ẹ rọra. Wọ́n ń gbọ́ wa.”

“Wọ́n gbọ́ Yorùbá ni?”

“Wọ́n gbọ́ ẹ̀rín.”

Àsìkò yẹn ni agbaṣẹ́ṣe kan gun kẹ̀kẹ́ wá. Ó ń kọ́ yàrá ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìsàlẹ̀ ìlú, ó ti gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀, ó sì fẹ́ kí òkúta dé kí òjò tó padà wá wó kòtò náà. Òkúta tí a fọ́ lẹ́ẹ̀rùn ti tán. Apá ìlà oòrùn kún fún ẹyẹ, ọmọ wọn ti ń na ìyẹ́ lórí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n apá tiwa kò ní funfun kankan lára. Àwọn ti apá ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ lọ lọ́dọọdún. Bàbá jókòó sí abẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀ títí òjìji fi tán, ó ń wo òkè. Bùọ̀dá Sámù ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó yá, Bàbá dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀, ó ní, “Wọ́n ti lọ.” Kò lọ sọ fún Màígídá. Ní ọdún mìíràn, ì bá ti yà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n jọ wò ó. Mo rò pé nítorí àwọn obìnrin tí kò kí wa ni.

A to igi sí ìsàlẹ̀ àpáta, a dáná sí i. Iná náà jó láti àárọ̀. Èmi ni mò ń kó igi wá, Bùọ̀dá Sámù ń tò ó. Bàbá ti fi irin kàn án, ó ní ó kù díẹ̀. Ìyá mi wà nídìí ọlọ, ó ń lọ ẹ̀wà. Mo rí i tó dáwọ́ dúró. Ó gbé orí sókè, ó sì ní, “Bàbá Délé, ẹ gbọ́.” A kò gbọ́ nǹkan kan, àfi iná. Ó tún ní, “Ẹ gbọ́ ná.” Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ọ láti òkè, ohùn tín-ín-rín, pí-pí-pí, bí òròmọdìẹ nínú agbọ̀n. Lójú ẹsẹ̀ kan náà, àkọ̀ ńlá kan gbéra láti inú èéfín, ó yí lókè orí wa, kò sì lọ.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ àkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò lágbára láti yàgbẹ́ kọjá etí ìtẹ́. Inú ìtẹ́ náà ló ń ṣe é sí títí yóò fi lè yí ìdí síta. Tọkọtaya kan pẹ́ dé lọ́dún yẹn, wọ́n yé sínú ihò kan lókè orí wa lẹ́yìn tí àwọn àkọ́kọ́ ti kó ọmọ lọ. Òjò ńlá fọ ìgbẹ́ tiwọn lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń sàba, ọ̀gbẹlẹ̀ mú kí àwọn òbí máa pẹ́ lóko, àwọn ọmọ sì jáde nínú ẹyin láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣàn sí ara àpáta. Ojú Bàbá rí ohun tó máa ń rí. Kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí òótọ́.

Bùọ̀dá Sámù ti gbé garawa omi. Bàbá mi, tí n kò gbọ́ ariwo rẹ̀ rí, pariwo mọ́ ọn: “Sámù, gbé omi yẹn sílẹ̀!” Nígbà náà ni ó yé mi. Omi tó máa pa iná yẹn náà ló máa la àpáta, ihò tí àwọn ọmọ wà sì wà lókè ibi tí ooru ti wọ̀ jù. Ọkọ́ la fi wọ́ igi iná kúrò. A wọ́ ọ títí ẹyin iná fi tán lára òkúta. Ṣùgbọ́n àpáta kì í tutù bí ìkòkò. Ooru rẹ̀ ń bá wa jà láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe nǹkan kan, kí a fi sílẹ̀, yóò tutù díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ rí i. Ó nawọ́ sí ọ̀nà Máíkúnkélé, inú rẹ̀ dùn, ó ní, “Òjò ń bọ̀.” Gbogbo wa yíjú. Ọ̀run ti dúdú láti ìsàlẹ̀ wá. Gbogbo ìlú ló ti ń retí ìkùukùu yẹn. Mo wo ojú Bàbá mi, ó dà bí ojú ẹni tí ara rẹ̀ kò dá.

Bùọ̀dá Sámù ní, “Ẹ̀gbọ́n, a lè bò ó. Èmi pẹ̀lú yín, a máa bò ó.”

“Àwa nìkan kò lè bò ó.”

“Bí ẹ bá lọ pe àwọn ará Màígídá, wọ́n á rí iná. A ti kúrò níbí nìyẹn o.”

Ìyá mi ló sọ̀rọ̀, kò sì gbé ohùn sókè: “Ẹ lọ sọ fún un, Bàbá Délé. Mi ò lè gbọ́ ohùn yẹn kí n sì máa lọ ẹ̀wà.”

Mo tẹ̀ lé Bàbá kọjá láàárín ọkà. Màígídá jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń wo ìkùukùu, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín. Bàbá kúnlẹ̀ fún un, kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lásán. Ó ní, “Màígídá, mo dáná sí abẹ́ ìtẹ́. Mo rò pé wọ́n ti lọ. Wọn kò lọ. Àpáta gbóná, òjò sì ń bọ̀. Mo fẹ́ ènìyàn.” Bàbá àgbà náà bi í pé, “Ọmọ wà nínú rẹ̀?” “Ọmọ wà.” Màígídá fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó sì pe gbogbo agboolé rẹ̀ jáde, lọ́kùnrin lóbìnrin.

Iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti ń kọjá láìkí wa gbé e wá nínú igbá lórí èjìká, wọ́n ń dà á sí ara òkúta níbi tó ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn ọkùnrin sì ń fi pòpórò àti ẹní dá a dúró. Kò tó. Atẹ́gùn ti dé, ó ń gbọn ẹní náà. Bàbá wo yíká, lẹ́yìn náà ló gun orí ilé wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí páànù. Ó ń ṣí i, Bùọ̀dá Sámù ń gbà á, èmi àti àwọn ọmọ Màígídá ń wọ́ ọ lọ sí abẹ́ àpáta, àwọn ọkùnrin ń gbé ọ̀kan lé etí èkejì kí omi lè gba ẹ̀gbẹ́ ṣàn. Ìyàwó àgbà Màígídá, iyanrìn ti bo ojú rẹ̀, ní, “Láti ìgbà yìí ni mo ti ń bẹ òjò kó wá, kò dá mi lóhùn. Òní tí mo ní kó dúró díẹ̀ ló wá ń sáré bọ̀.” Bùọ̀dá Sámù ní, “Ìyá, ẹ sọ fún un pé ẹ̀ ń ṣeré ni.” “Ìwọ ni kó o sọ fún un. Ṣebí ìwọ lo tọ́jú ẹ̀ sínú àpò.” Bí a ṣe mọ̀ pé wọ́n gbọ́ Yorùbá nìyẹn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ yá.

Òjò náà dé pẹ̀lú ariwo. Gbogbo wa dúró nínú rẹ̀, a ń di páànù mú. Mo gbọ́ nígbà tí omi rí àyè wọ inú, tó kan òkúta. Ó hó yee, lẹ́yìn náà ni àpáta dún láti inú, ìró kan tí mo gbọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Ìlà kan fà láti ìsàlẹ̀, ó ń gòkè, bí ẹni fi ọ̀bẹ fà á. Màígídá gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ìlà náà gòkè dé ìtòsí ihò, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì dúró. Kò sẹ́ni tó kúrò níbẹ̀ títí òjò fi dá. Nígbà tó dá, a tẹ́tí. Pí-pí-pí. Àkọ̀ tó ti ń yí lókè balẹ̀ sí ẹnu ihò, omi ń kán lára rẹ̀, ó wọlé. Nínú ilé wa, omi ti dé ìdajì ẹsẹ̀ àga, ẹ̀wà tí Ìyá mi lọ sì ti bá a lọ.

Ní ọjọ́ kejì, Màígídá wá. Kò jókòó. Ó ní òun ti sọ ọ̀rọ̀ kan nígbà tí a dé, gbogbo agboolé òun ló gbọ́ ọ, òun kò sì lè gbé e mì padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ ẹyẹ bá wà lórí àpáta, a kì í lé ohunkóhun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Ọjọ́ tí àwọn ọmọ yẹn bá fò lọ ni kó o lọ.” Bàbá ní, “Tò.”

Báyìí ni a ṣe ń gbé ní abẹ́ wọn. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé ohun tó máa ń ṣe mí láàárọ̀ bí mo bá gbójú sókè. Mo fẹ́ kí wọ́n yè. N kò fẹ́ kí wọ́n dàgbà. Funfun bẹ̀rẹ̀ sí yọ lára àpáta, orí méjì yọ sí ẹnu ihò, wọ́n hu ìyẹ́ dúdú, wọ́n ń fò sókè ní ojú kan náà bí ọmọ tó ń dán bàtà wò. Àwọn obìnrin tún ń kí Ìyá mi. Òjò ń rọ̀ bó ṣe yẹ. Ìyàwó mi, tó ti lọ sinmi báyìí, máa ń bi mí ìdí tí mo fi máa ń jáde síta wo òkè bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ ní Bárkín Sálè níbí tí mo ń gbé, n kò sì sọ fún un tán. Ohun tí mo ń wò ti dín kù. Ẹ̀rọ ló ń fọ́ àpáta báyìí, kò sì sí ẹni tó ń dúró kí ẹyẹ kó ọmọ lọ kó tó fi ẹ̀tù sí i. Mo ti kà á nílé ẹ̀kọ́, nígbà tí mo wọ̀ ọ́ níkẹyìn, pé bí wọ́n bá kúrò lọ́dọ̀ wa, wọ́n á gba orí igbó kìjikìji kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ Áfíríkà, níbi tí òjò tibẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í yé ẹyin níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa nìkan ni wọ́n ń bímọ sí.

Lọ́dún náà, gbogbo ẹyẹ apá ìlà oòrùn lọ. Lẹ́yìn wọn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjèèjì bá àwọn òbí rẹ̀ lọ. Èkejì kù. Yóò dúró sí etí ihò, yóò na ìyẹ́, yóò tún pa á dé. Bùọ̀dá Sámù ní, “Bí a bá fi okùn so ó lẹ́sẹ̀, àwa àti ẹ̀ á jọ darúgbó síbí.” Ìyá mi ní, “Ẹ jẹ́ ó lọ, ọkọ mi. Tata ti ń tán lóko. Ebi ló máa pa á bó bá dúró.” Ó sọ ọ́, ó sì ń di ìkòkò rẹ̀ sínú aṣọ.

Ní ọjọ́ tí ẹyẹ náà lọ, Màígídá ti wà lábẹ́ àpáta láti àárọ̀, òun àti Bàbá jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n ń wo òkè. Ẹyẹ náà rìn síwájú, ó já bọ́, ọkàn mi já pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ sì gbá atẹ́gùn mú lókè páànù tí a ti kàn padà sórí ilé wa. Ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ga, ó ń ga, títí kò fi ju ẹyọ tata kan lọ lójú ọ̀run. Nígbà tí a kò rí i mọ́, Màígídá kò dìde. Ó ń wo ibi tí kò sí nǹkan kan mọ́. Mo rí i pé bó bá dìde, ó ní láti sọ̀rọ̀, kò sì fẹ́ sọ ọ́. Bàbá mi náà rí i. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá àgbà náà, ó fi ti ara rẹ̀ dìde, ó sì yíjú sí ilé.

Ó ní, “Ìyá Délé, ẹ máa gbé ẹrù jáde.”